Òpó Ilé Wa àti Òfin Tí Ẹ Fẹ́ Ṣe ní Àkúrẹ́

Oríyọmí, ọmọ mi àtàtà,

Ìròyìn tí ó ti ń bà mí lẹ́rù láti sọ ni n ó kọ́kọ́ sọ, kí ó má baà dúró sí mi lọ́nà ọ̀fun títí n ó fi kọ ìwé yìí tán. Ilé wa kò sí ní abúlé mọ́. Òkun kọ́ ló gbé e. Èmi ni mo tú u, mo tú pákó, mo ká páànù, mo sì fa àwọn òpó rẹ̀ tu pẹ̀lú. Èmi àti Tọ́pẹ́ àbúrò rẹ ti wà ní Ugbonla báyìí, nínú yàrá tí mo kàn mọ́ ẹ̀yìn ilé Ìyá Rafiu, ọ̀rẹ́ mi tó ń ta kẹrosíìnì.

Má bínú pé n kò sọ ọ́ lórí fóònù. Mo pè ọ́. O gbé e, o sì ń sọ̀rọ̀ tayọ̀tayọ̀ nípa ìgbìmọ̀ tí ẹ jọ jókòó, àga tí wọ́n fún ọ, àwọn àgbàlagbà tó ń pè ọ́ ní "ọmọ etí òkun". Mo bi ọ́ bóyá o ti jẹun. O ní o ti jẹun. Mo ní ó dáa, mo sì pa fóònù. Lẹ́yìn náà ni mo jókòó sórí garawa, tí mo ń wo fóònù bí ẹni pé òun ló ṣẹ̀ mí.

O mọ bí a ti ń ṣe é lọ́dọ̀ wa. Bí òkun bá lé ènìyàn, a ó kó pákó, a ó kó páànù, ṣùgbọ́n a ó fi òpó igun ilé sílẹ̀ nínú omi. Òpó yẹn ló ń bá onílé sọ̀rọ̀ nígbà tí kò bá sí nílé. Ó ń sọ pé ibí ni ti lágbájá, ó lọ ni, kò kú, yóò padà. Kò sí ẹni tó ń so ọkọ̀ mọ́ òpó ẹlòmíràn láìtọrọ ààyè. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ fa òpó rẹ̀ tu, onítọ̀hún ti dágbére.

Gbogbo èyí ni mo mọ̀. Inú rẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Àmọ́ ọmọ mi, omi ti ń wọlé bá wa lórí ẹní. Tọ́pẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, gbogbo ibi tí mo bá sì kọjú sí, ẹ̀yìn mi ló máa ń wà, ní bèbè pákó. Bàbá rẹ ṣì wà lójú òkun lápá Kamẹrúùnù, n kò sì gbúròó rẹ̀ láti ìgbà tí òjò bẹ̀rẹ̀. Igi òpó wọ̀nyẹn le bí irin, òun fúnra rẹ̀ ló fi ọkọ̀ wọ́ wọn wá nígbà tí mo wà nínú oyún rẹ. Ní Ugbonla n kò ní igi kankan tí n ó fi gbé yàrá dúró. Ilé tí mo fẹ́ kọ́ nìkan ni mo rò, n kò ro ilé tí mo fi sílẹ̀.

Pa Ajíjọlà, tó dàgbà jù lábúlé, ló fi ọkọ̀ kọjá lọ́jọ́ náà, ìyàwó rẹ̀ kékeré jókòó níwájú ọkọ̀.

"Ìyá Oríyọmí, ìwọ nìyẹn?"

"Èmi ni, bàbá. Ẹ kú ojú omi o."

"Òpó lò ń fà yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Igi gidi ni, bàbá. N kò lè fi í sílẹ̀ fún òkun jẹ."

Ó ti àjẹ̀ bọ omi. Ìyàwó rẹ̀ ló bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Ẹ̀yin ará ibí, ẹyẹ òkun pàápàá ò ní ibi tí yóò bà sí nílé yín mọ́ o!" Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí ọkọ̀ wọn ti yà ni ẹ̀rín náà kú sí mi lẹ́nu.

Kò pẹ́ tí àwọn àgbà pè mí sí ìpàdé. Àwọn tó pe orúkọ rẹ lọ́jọ́sí pé ìwọ ni kí o lọ jẹ́ ẹnu wa ní Àkúrẹ́, níbi tí wọ́n ti ń tún ètò Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ṣe, àwọn náà ni. Bàbá Ṣẹ́gun ni ó kọ́kọ́ dìde. O mọ̀ ọ́n, ọkùnrin tó fẹ́ kí ọmọ òun lọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ jọ̀ọ́, ilé wo ni ká wò báyìí? Ẹ nawọ́ sí i kí n rí i." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, Tọ́pẹ́ ń fa aṣọ mi. Wọ́n ní bí oṣù tuntun bá lé, àwọn yóò tún jókòó, àwọn yóò pinnu bóyá kí wọ́n fi orúkọ ẹlòmíràn ránṣẹ́ dípò tìrẹ.

Ìyẹn nìkan kọ́. Lẹ́tà tí o kọ sí mi kẹ́yìn ṣì wà lọ́wọ́ mi. O kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìwọ lo dá a lábàá pé ẹnikẹ́ni tí ẹgbẹ́ òṣèlú bá máa fà kalẹ̀ fún ìjókòó etí òkun gbọ́dọ̀ ní ilé tó dúró ní ẹkùn náà, kí àwọn tó ń gbé ìlú ńlá má baà máa fi orúkọ wa wọlé, tí wọn kò mọ bí omi wa ti ń rùn. Nígbà tí lẹ́tà náà dé, mo kà á fún Ìyá Rafiu, a pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Ọmọ rẹ gbọ́n jù wá lọ." Mo tún un kà níbí ní àná. Òfin rẹ lé mi jáde, ọmọ mi. Ó lé ìwọ náà.

Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ̀wé gígùn. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà, n kò débi tí o dé, ṣùgbọ́n n óò sọ ohun tí mo mọ̀. Bí ọ̀rọ̀ mi bá ń lọ tó ń bọ̀, ọmọ yìí ló ń jí tó tún ń sùn.

Àkọ́kọ́ ni pé kí o máa rántí ẹni tó rán ọ. Nígbà tí mo wà nílé ìwé, àwa ọmọ etí omi máa ń pẹ́ dé, nítorí pé omi ló ń sọ ìgbà tí ọkọ̀ lè kúrò. Wọ́n ń nà wá fún un. Àwọn ẹgbẹ́ mi ní kí n lọ bá ọ̀gá àgbà sọ̀rọ̀, nítorí pé mo mọ òyìnbó sọ. Mo wọlé. Ọ̀gá ní, "Ìwọ ọmọ yìí, òyìnbó rẹ dáa o. Ta ni bàbá rẹ?" Orí mi wú. Mo sọ òyìnbó títí, mo kí i, mo jáde. Àwọn tó dúró níta bi mí pé, "Kí ló wí?" Ìgbà yẹn ni mo rántí pé n kò béèrè nǹkan kan. Wọ́n nà wá lọ́jọ́ kejì, èmi pẹ̀lú. Ọmọ mi, àwọn tó ń pè ọ́ ní "ọmọ etí òkun" yẹn, kò burú. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti yìn ọ́ tán, béèrè ohun tí a rán ọ. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ.

Èkejì, nípa iye àwọn aṣòfin tí ẹ fẹ́ fi kún ti tẹ́lẹ̀. O ní àwọn kan fẹ́ kí ó pọ̀ sí i kí ibi gbogbo lè ní ẹni tirẹ̀, àwọn kan sì ní owó tí wọn yóò jẹ yóò pọ̀ jù. N kò mọ ìṣirò ìjọba. Ọkọ̀ ni mo mọ̀. O rántí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tó ń ná Ugbonla sí Ìgbọ́kọ̀dá, tí ọlọ́kọ̀ kan pákó ìjókòó mọ́ inú rẹ̀ kí èrò lè pọ̀? Inú wa dùn pé ààyè wà. Ṣùgbọ́n ẹni kan náà ló ṣì jókòó nídìí ẹ́ńjìnnì. Ibi tó bá wù ú ló ń yà sí, bí a bá sì sọ̀rọ̀, á ní, "Ta ló ń wakọ̀, èmi tàbí ìwọ?" Nítorí náà bí wọ́n bá ń ka ìjókòó fún ọ, bá wọn kà á, kí o sì dúpẹ́. Lẹ́yìn náà kí o wá béèrè pé ta ni yóò máa jókòó nídìí ẹ́ńjìnnì, àti pé ta ni yóò lè sọ fún un pé kí ó rọra. Bí ìjókòó bá pọ̀ tí ẹnu kò pọ̀, èrò lásán la fi kún ọkọ̀.

N kò fẹ́ kí o rò pé mò ń bá ọ jà. Inú mi dùn sí ọ ju bí mo ti lè kọ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ̀rù ti máa ń bà mí láti ìgbà tí mo ti bí ọ. Ọmọdé ni mo wà nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ aṣọ ilé ìwé ni, ìwọ ni mo sì fi kọ́ bí a ti ń jẹ́ ìyá. Ohun tí mo bá ṣì ṣe lórí rẹ, ìwọ lo kọ́kọ́ jẹ ẹ́.

Ti ìdìbò ńkọ́? Ìdìbò kan wáyé nígbà tí o ṣì wà lẹ́yìn mi. Wọ́n gbé ibùdó ìdìbò abúlé wa lọ sí òdìkejì, nítosí Molutehin. Ẹni tó pín in jókòó lókè, ó wo àwòrán ilẹ̀, ó rí i pé kò jìnnà. Lóòótọ́, kò jìnnà. Ṣùgbọ́n omi ti fà láàárọ̀ yẹn. Ọkọ̀ wa dúró sínú ẹrẹ̀ bí ajá tó kọ̀ láti rìn. Àwa obìnrin bọ́ sílẹ̀, a ń tì í, ẹrẹ̀ dé itan wa, ìwọ ń ké lẹ́yìn mi. Ìyá àgbà kan tó wà pẹ̀lú wa ní, "Ṣé olóṣèlú la fẹ́ dìbò fún ni, tàbí akàn?" A rẹ́rìn-ín débi pé a kò lè ti ọkọ̀ mọ́. Nígbà tí a dé ibẹ̀, wọ́n ti ń palẹ̀ mọ́. Ọ̀dọ́kùnrin kan ní, "Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin lẹ ò fẹ́ràn ìdìbò." Ohun tó wọlé sí etí ìjọba nìyẹn, pé àwọn obìnrin etí òkun kò fẹ́ràn ìdìbò. Nítorí náà, bí ẹ bá ń kọ bí wọn yóò ti máa dìbò, bí ọ̀rọ̀ náà bá tilẹ̀ dùn tó, ìwọ ṣáà bi wọ́n pé omi yóò ti wà níbo lásìkò yẹn. Wọn yóò rẹ́rìn-ín. Jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Tún un bi wọ́n.

Ìyá Rafiu ní kí n bá òun kọ tirẹ̀ sí i. Òun náà ń jókòó lé mi lórí bí mo ti ń kọ̀wé yìí. Nígbà tí wọ́n yan ìgbìmọ̀ èbúté níbí, wọ́n ní kí obìnrin kan wà níbẹ̀, kí Mùsùlùmí kan sì wà níbẹ̀. Wọ́n wò ó, wọ́n rí i pé bí àwọn bá mú òun, òun nìkan tó méjèèjì. Ó ní, "Wọ́n fi èmi kan ṣoṣo san gbèsè méjì!" Ọjọ́ tó kọ́kọ́ dé ìpàdé, kò tíì jókòó dáadáa tí alága fi ní, "Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wá omi tútù." Ó lọ. Nígbà tó fi padà dé, wọ́n ti fẹnu kò lórí ibi tí wọn yóò kọ́ èbúté sí. Ó ní kí n sọ fún ọ pé ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n mú obìnrin, ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ní bí ẹ bá fẹ́ kí ẹgbẹ́ òṣèlú máa fa obìnrin kalẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n lọ kó wọn sí ibi tí ẹgbẹ́ náà ti mọ̀ pé àwọn kò lè wọlé. Ó tún ní bí wọ́n bá rán ìwọ níṣẹ́ omi tútù, kí o sọ pé òùngbẹ kò gbẹ ọ́. Èyí tó kẹ́yìn yẹn, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ gan-an ni, n kò bù kún un.

Wàyí o, òfin ilé. Mo ti ń sá fún un láti òkè ìwé yìí. Mo mọ ìdí tí o fi dá a lábàá, ìdí náà sì dáa. Ṣùgbọ́n ìwọ pẹ̀lú ti gbàgbé, gẹ́gẹ́ bí èmi ti gbàgbé nígbà tí mò ń fa òpó. Àkúrẹ́ ni o jókòó sí nígbà tí o rò ó, níbi tí ilé kì í kúrò níbi tí wọ́n kọ́ ọ sí. Lọ́dọ̀ wa, ilé ń rìn. Bí o bá ní kí ẹni tó ní ilé tó dúró nìkan jẹ́ olùdíje, o ti ní kí ẹni tí òkun ti lé má sọ̀rọ̀ nípa òkun mọ́. Àwọn ará Abereke tó ti ṣí kúrò níbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀, ṣé wọn kì í ṣe ará ibẹ̀ mọ́ ni? Bàbá rẹ tó wà lójú omi ńkọ́? Olówó tó bá kọ́ ilé bíríkì sí ẹ̀yìn lọ́hùn-ún, níbi tí òkun kò dé, tí kò sùn níbẹ̀ rí, òun ni òfin rẹ yóò gbà. Lọ tún un sọ. Kò sí ìtìjú nínú kí ènìyàn dìde níbi ìpàdé kó ní, "Mo ti rò ó, ohun tí mo wí tẹ́lẹ̀ kò pé." Ẹni tó bá ti dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Má sì sọ pé nítorí ìyá rẹ ni o. Sọ pé nítorí gbogbo wa ni.

Ohun kan ṣì kù, òun ló sì jẹ mí lógún jù.

Ibí yìí kò dùn mọ́ mi. Ìyá Rafiu ń gbìyànjú, kò jẹ́ kí ebi pa wá, ṣùgbọ́n òun náà ní ilé tirẹ̀ àti wàhálà tirẹ̀. Ní abúlé, mo mọ ìró ẹsẹ̀ gbogbo ẹni tó bá gba orí afárá pákó. Mo lè wà nídìí ààrò ẹja kí n kí ènìyàn kí ó tó yọ. Níbí, ẹsẹ̀ ń kọjá láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, mo ń gbé orí sókè, kò sí èyí tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Tọ́pẹ́ nìkan ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Kò sì tíì mọ ju "omi" àti "rárá" lọ.

Pa Ajíjọlà wá kí mi ní ìjẹta. Òun nìkan ló fi ọkọ̀ wá. Ó wo abẹ́ yàrá yìí, ó rí àwọn òpó wa níbi tí mo rì wọ́n sí.

Ó ní, "Mẹ́ta ni mo rí."

Mo ní, "Ìkẹrin nìyí, bàbá." Orí rẹ̀ ni mo jókòó lé. Káfíńtà fẹ́ gé e láti fi ṣe àtẹ̀gùn, n kò mọ ohun tó ṣe mí, mo kàn jókòó lé e, mo ní kò ní gé e.

Ó fọwọ́ pa igi náà. Ó ní, "Ọ̀kan tó. Òpó kan kì í gbé ilé dúró, ṣùgbọ́n ó tó fi sọ pé a ó padà. Bí ó bá wà nínú omi kí oṣù tuntun tó lé, mo mọ ohun tí n ó wí fún Bàbá Ṣẹ́gun."

Mo ní, "Ẹ ṣeun, bàbá. Ẹ jẹ́ ká lọ rì í lónìí."

Ó mi orí. "Ìwọ lo fà á tu, ìwọ kọ́ ni yóò dì í mú. Ọmọ ilé ló ń di òpó mú kí a tó gbá a wọlẹ̀. Ìwọ náà sì rí i pé ọmọ tó wà lọ́wọ́ rẹ yìí kò tíì lè di ṣíbí mú." Lẹ́yìn náà ó bi mí, ó rọra bi mí, pé, "Ǹjẹ́ Oríyọmí ṣì fẹ́ jẹ́ ti abúlé wa? Àwa ò bi í o. A kàn rán an ni."

Òótọ́ ni, kò sí ẹni tó bi ọ́. Èmi pẹ̀lú kò bi ọ́. Ó ṣeé ṣe kí Àkúrẹ́ dùn mọ́ ọ, kí o fẹ́ kọ́ ilé rẹ síbi tí omi kò lè dé. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, n kò ní bínú. N ó sunkún díẹ̀, n ó sì jẹ́ kí káfíńtà gé igi yìí, kí Tọ́pẹ́ lè rí àtẹ̀gùn gùn. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí n máa jókòó lé e láìmọ̀.

Awakọ̀ tó mú ìwé yìí wá fún ọ yóò padà sí Ìgbọ́kọ̀dá lọ́la. Ó ṣèlérí pé òun yóò yà lọ́dọ̀ rẹ kí ó tó gbéra. Ṣé wàá wá di òpó náà mú, àbí o kò ní wá? Jọ̀ọ́, ọmọ mi, kọ èsì fún un kí ó mú un bọ̀ fún mi. Tètè fèsì.

Èmi ni ìyá rẹ.